Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ Fẹ́ Fi Ipò Sílẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn èèyàn. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ń sùn lọ́wọ́, àárọ̀ yìí ló dé láti ibi tó wa ọkọ̀ ojú irin lọ. Èmi náà wà dáadáa, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó sì ń sunkún torí pé tíì rẹ̀ tutù ṣe lè wà dáadáa.

Lẹ́tà yín dé. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo wá pe ọkọ mi pé kó bá mi kà á bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Pé ẹ ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹ fẹ́ fi ipò olórí Ẹgbẹ́ Afẹ̀jẹ̀tọrẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ ní ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀ níbi ìgbéyàwó mi. Ẹ wá gbé fóònù dání wá síbẹ̀, ẹ ń wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò wa. Nínú fọ́tò yẹn, gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin nìkan lẹ di etí mú.

Ọkọ mi ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn pè yín. Kò lè yé e. Òfin ilé wa ò tíì kúrò lára mi: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dí fóònù Màmá, torí ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ lè máa pè. Láti kékeré la ti ń kọ ohun tá a bá fẹ́ sọ sínú ìwé, tá a ń tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yín. Ní báyìí, òkun ló wà láàárín èmi àti ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Dókítà ní ibi ọmọ dúró sísàlẹ̀ jù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ojú ọ̀nà tí ọmọ máa gbà. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ṣe fún mi lóṣù kẹfà, pé ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀. Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń wọ ọkọ̀. Èmi ń ronú àbúrò yín tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé torí rẹ̀ lẹ fi dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ dà tán lára rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé mi wọlé. Mi ò bẹ̀ yín fún nǹkan míì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tó bú ìyá rẹ̀ tán tó tún ní kó wá gbé òun lọ́wọ́,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ tó ń sùn. Mo kí ẹni kékeré tó jókòó sínú tí kò san owó ilé.

Òótọ́ ni, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kẹrin nìyí, èyí ló sì dájú. Mo dìde níwájú ìgbìmọ̀, mo ní iṣẹ́ tí mo ti ṣe tó, kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága wa, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí wọn. Mi ò ní gbàgbé ojú wọn.

Nọ́ọ̀sì Kékeré ló máa gba ipò lọ́wọ́ mi. O rántí rẹ̀: nígbà tó kọ́kọ́ wá bá wa, ó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ìyẹn la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ti ní ọmọ-ọmọ, orúkọ náà kọ̀, kò dàgbà. Èmi fúnra mi ni mo yàn án. Ó mọṣẹ́, kì í pariwo, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ẹ̀jẹ̀.

O mọ bí mo ṣe ń ṣe é. Èèyàn ò kàn lè pe ọmọlúàbí kó ní, "Máa bọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ la fẹ́." Wàá kọ́kọ́ kí i. Wàá béèrè ìyàwó rẹ̀, wàá béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún, wàá béèrè ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Tó o bá béèrè gbogbo ẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bi ọ́ pé, "Màmá, ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì?" Ó ti ń wọ bàtà nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe torí pé mo jókòó sí ọ́fíìsì. Nọ́ọ̀sì Kékeré ní kò sáyè ìkíni gígùn mọ́. Ó ní ká máa tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ̀jíṣẹ́! Bí ẹni ń kéde pé omi ẹ̀rọ ò ní yọ lọ́la.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn ọ́. Àárín oṣù kẹrin ni màá gbé ipò sílẹ̀. Tó bá fi máa di àárín oṣù karùn-ún, màá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má gbé nǹkan tó wúwo. Ọkọ rẹ ní ọwọ́ méjì, jẹ́ kó fọ aṣọ. Ibi ọmọ tó dúró sísàlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi, mo ti rí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní irú rẹ̀ tí wọ́n gbé ọmọ wọn lọ sílé. Màá wà níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́, ẹyin lohùn.

Ìyá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Inú mi dùn débi pé ọkọ mi ní kí n rọra, kí n má baà bímọ sórí àga.

A ti ra bẹ́ẹ̀dì yín. Ó to igi rẹ̀ lódì, ó tú u, ó tún un tò, ìkan nínú àwọn ìdè rẹ̀ ṣẹ́ kù tí kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ máa rọra jókòó lé e. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ìró fóònù láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wá, mo mọ̀ pé ẹ máa sùn.

Wọ́n tún yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibi ọmọ ò kúrò níbi tó wà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé ìyá mi ń bọ̀, pé ọ̀gá ni wọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó ní mo ṣoríire. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sùn wọra.

Ìbéèrè kan ló kù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri gbogbo ilé ìwòsàn níbẹ̀, nọ́ńbà yín ni. Ta ló máa gbé e tẹ́ ẹ bá ti kúrò? Ẹ sọ̀rọ̀ Adájọ́, ẹ sọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Kékeré, ẹ ò mẹ́nu ba fóònù rárá. Ipò lè kúrò lọ́wọ́ èèyàn kí iṣẹ́ má kúrò. Ẹ gbé e fún un, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ ra òmíràn. Kí ẹ sì fi ọjọ́ tí bàálù yín máa gbéra ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ yín tó ń fojú sọ́nà.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Báwo ni ara? Báwo ni ẹsẹ̀ tó wú? Mo pẹ́ kí n tó dáhùn, má ka ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn, ètò ìdágbére ni kò jẹ́ kí n rójú.

Wọ́n ti ṣe é. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Adájọ́ sọ̀rọ̀ títí ọmọ ọwọ́ kan fi bú sẹ́kún nítorí gbogbo wa. Obìnrin kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti gùn jù mí lọ wá síwájú, ó ní ẹ̀jẹ̀ tí mo wá fún òun lọ́jọ́ tí òun bí i lòun fi wà láyé. Ìyẹn pa mí lẹ́kún, mi ò ní parọ́. Wọ́n fún mi ní àga kan tó ń yí, tó ní ìtìsẹ̀. Bí mo ṣe jókòó lé e ni mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí n dìde mọ́. Mo kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì àti ti fíríìjì ẹ̀jẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì Kékeré lójú gbogbo èèyàn.

Fóònù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́nu rẹ nìyẹn. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀. Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó o tó bínú. Kò tíì gba ipò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, bíríkìlà kan já bọ́ lórí àkàbà. Nọ́ọ̀sì tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Ẹni méjì ló wá. Ẹni méjì péré, nínú gbogbo àwọn tí mo fi ẹnu mi kó jọ! Mo jókòó sórí àga tó ń yí, mo pe mẹ́jọ, méje wá. Mi ò sọ fún un o. Mo ní kí wọ́n wí fún un pé àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ làwọn rí. Ó ń yọ̀ bí ọmọdé, mo ń wò ó, inú mi dùn fún un. Látìgbà náà, bó bá ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, èmi náà á rọra máa pè wọ́n láti yàrá mi. Ohùn mi ni wọ́n mọ̀. Kò ní pẹ́ tí ti òun náà á fi mọ́ wọn lára.

Nítorí ìyẹn, mo ti sún ìrìn àjò síwájú díẹ̀, sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà. Ọmọ ò tíì ní jáde nígbà yẹn. Má sunkún.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Màmá,

Ẹ kú ilé. Mi ò ní kí yín gùn lónìí.

Ṣé ẹ ti fi ipò sílẹ̀ ni, àbí ẹ gbé e pamọ́ sínú yàrá? Ẹ ní wọn kì í dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ Nọ́ọ̀sì. Ta ló máa dá a lóhùn, nígbà tí wọ́n mọ̀ pé táwọn bá dákẹ́, ẹ̀yin máa pè? Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń kọ́ wọn láti má dá a lóhùn. Ẹ wá ní kí wọ́n máa parọ́ fún un. Àgbà obìnrin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yàn, ẹ ń fi í ṣeré bí ọmọdé.

Mo fẹ́ dákẹ́ lórí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi ní báluwẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ohun téèyàn ń pa tì sójú ọ̀nà. Mo fi aṣọ ìnura dí ara mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń dúró de ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Kò dà púpọ̀, ó sì dá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yá. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ni báyìí. Wọn ò lè jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá kí ọjọ́ náà tó pé. Mi ò pe Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbí. Ìyá mi ni kò sí níbí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì bá ọ kẹ́dùn ohun tójú rẹ rí ní báluwẹ̀. Mo gba lẹ́tà rẹ, ó gbóná lọ́wọ́. Ká ní mo wà nítòsí, ǹ bá kọ́kọ́ gbá ọ létí kí n tó gbá ọ mọ́ra.

Inú rẹ á dùn láti gbọ́ pé Nọ́ọ̀sì Kékeré ti mọ̀. Télọ̀ tí ẹ̀yìn máa ń dùn ló tú u síta. Ó na apá, wọ́n fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ mi." Télọ̀ ní, "Àtẹ̀jíṣẹ́ wo? Màmá ló pè mí." Nọ́ọ̀sì ò bá a jà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wá sílé mi, ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó ní, "Màmá, ẹ gba ipò yín. Mi ò lè ṣe olórí nílé tí olórí wà." Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣèlérí lójú àwọn méjèèjì pé mi ò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́, pé tí oṣù kẹfà bá parí, màá gbé fóònù náà fún un.

Mo béèrè bàálù tó máa gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ọjọ́ kẹta tó pé. Àyè ò sí. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n fún mi. Ká ní mo tètè béèrè ni, mo mọ̀, má tún un sọ. Ṣùgbọ́n dá ara rẹ lọ́kàn le. Dókítà yí ọ ká níbẹ̀, fíríìjì wọn kún fún ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó wà níbí, èmi nìkan ni wọ́n ní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ wọlé, èmi àti fóònù jọ máa jókòó ni. Kí ọkọ rẹ pè mí. Mo gbà á láyè kó dí i tó bó bá ṣe wù ú. Màá gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Ìyá ọmọ! Ìyá ọmọ! Ìyá ọmọ!

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu o. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin ti mọ́ kí ọkọ rẹ tó pè mí, àyà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní obìnrin ni, ó ní ẹ̀yin méjèèjì wà láàyè. Mo jó nínú yàrá títí àga tó ń yí fi yí dojú kọ ògiri.

Kí ló ṣe ọkọ rẹ? Mo bi í bóyá wọ́n fún ọ lẹ́jẹ̀, ó ní o máa kọ̀wé. Mo bi í bí ọmọ ṣe wúwo tó, ó ní o máa kọ̀wé. Mo ní ta ni ọmọ jọ, ó ní o máa kọ̀wé. Mo ní ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ ni àbí akọ̀wé lo gbà sílé. Kò rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé oorun ló ń kùn ún.

Níwọ̀n bí Ọlọ́run ti kó ọ yọ, mo ti ní kí wọ́n bá mi sún bàálù sí oṣù tó ń bọ̀. Ìkánjú ti tán. Nọ́ọ̀sì Kékeré ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó máa ń kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́pàá, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ kí n tó kúrò. Fi fọ́tò ọmọ mi ránṣẹ́. Kọ gbogbo rẹ̀, má fi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá àgbà tuntun.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mi ò rí lẹ́tà, mi ò rí fọ́tò. Mo pe nọ́ńbà rẹ, ọkọ rẹ gbé e, ó ní ò ń sinmi. Mo gbọ́ tí ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. O ò sùn. Kí ni mo ṣe?

Tó bá jẹ́ torí bàálù tí mo sún ni, bú mi. Mo ti mọ èébú rẹ, ó sàn ju dídákẹ́ lọ. Jọ̀ọ́, kọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Màmá,

Ẹ kú ìrònú. Lẹ́tà yín méjèèjì dé ọwọ́ mi. Mi ò tètè dáhùn torí pé mi ò tíì lè jókòó kọ̀wé. Nígbà tí mo sì lè jókòó, inú ló ń bí mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé mi wọlé, bí wọ́n ṣe sọ. Wọ́n gbé ọmọ jáde, mo gbọ́ igbe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ojú dókítà yí padà. Ibi ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, kò fẹ́ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Mo ń gbọ́ ọ, Màmá, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kán sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sáré, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n jáde lọ sọ fún ọkọ mi pé kó pe ẹbí mi. Ó pè yín. Wọ́n ní ẹni tó ń pè ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ó tún pè. Ó pè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ọkùnrin tí kì í sunkún ń sunkún, ohùn obìnrin kan sì ń sọ fún un nínú fóònù pé kó gbìyànjú nígbà mìíràn.

Wọ́n yọ ilé ọmọ mi kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Èyí tí mo bí yìí nìkan ni màá bí. Mo ti kọ ọ́, mi ò ní tún un kọ.

Ẹ̀jẹ̀ ẹni mọ́kànlá ni wọ́n fà sí mi lára. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi nọ́ọ̀sì pé àwọn wo ni, mo fẹ́ kí wọn. Mo fẹ́ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí n béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn yà wọlé lọ́jọ́ kan ni, wọ́n na apá, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó kí wọn. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló fún mi ní ẹ̀jẹ̀, Màmá. Ẹni tí mo mọ̀ ló yẹ kó fún mi ní ohùn.

Èmi ni mo ní kí ọkọ mi má sọ fún yín. Ẹ ní ìkánjú ti tán. Ó ti tán lóòótọ́. Ẹ má wá mọ́.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti fà á ya, mo ti tún un bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́.

Màá sọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ kẹta yẹn fún ọ. Lórí àga nínú yàrá mi ni. Mi ò rójú sùn láti ìdájí, ẹ̀rù rẹ ń bà mí, fóònù wà lórí ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ṣèlérí. Ó dún. Mo rò pé ọkọ rẹ ni. Ẹnì kan ni, láti ilé ìwòsàn àdúgbò, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí n darí rẹ̀ sí Nọ́ọ̀sì kí n gbé fóònù sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá gba ọmọ ẹlòmíì là lónìí, Ọlọ́run á gba tèmi là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń kí wọn, mo ń béèrè ilé, mo ń béèrè ọ̀nà.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì, mo ní kó sọ fún mi bí ọjọ́ náà ṣe lọ. Kò fẹ́ sọ ọ́. Mo fi dandan lé e. Ó ní ilé ìwòsàn ti ránṣẹ́ sí òun náà, àwọn mẹ́rin ti wá nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ òun, obìnrin náà ti gba ẹ̀jẹ̀ tán kí àwọn tèmi tó dé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá wọn padà. Torí kí ojú má baà tì mí ni wọn ò fi sọ fún mi. Asán ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi ń kú lọ, èmi ń béèrè ẹ̀yìn tó ń dun télọ̀.

Mi ò ní wá àwáwí. Ó dùn mọ́ mi kí wọ́n máa pè mí. Ó dùn mọ́ mi pé ohùn mi nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo fi ipò sílẹ̀ lójú èèyàn, mo sì ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ kí ó má ṣeé ṣe láìsí mi. Ó ṣeé ṣe. Ìwọ ló san án.

Mo gbé fóònù náà lọ fún un. Mo ní, "Olórí, ẹ gbà á." Mo dá a mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ti ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò yíjú padà. Irọ́ ni, mo yíjú padà, ṣùgbọ́n mi ò padà.

O ní kí n má wá. Mo gbọ́. Mo ti ra ìwé bàálù ti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, mi ò sì ní wọ̀ ọ́ tí o kò bá sọ pé kí n máa bọ̀. Mo ti tọrọ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ olówó àti òtòṣì, ojú ò tì mí rí. Ojú ń tì mí láti tọrọ èyí. Dárí jì mí. Jẹ́ kí n wá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje

Màmá,

Ẹ kú ìdúró. Ọmọ ń ké bí mo ṣe ń kọ èyí, kò ní gùn.

Mo ka lẹ́tà yín fún ọkọ mi. Ó ní ohun tó bá wá sọ́kàn mi ni kí n ṣe. Ohun tó ń wá sọ́kàn mi láàárọ̀ kọ́ ló ń wá sọ́kàn mi nírọ̀lẹ́. Nígbà míì, mo máa ń gbé ọmọ sáyà kí n sọ̀rọ̀ yín fún un, inú á tún bí mi, màá yí ọ̀rọ̀ padà. Ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ yẹn ṣì máa ń dùn mí tí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè dá wọ báluwẹ̀ láìsí pé ẹ̀rù bà mí, àfi kí ọkọ mi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tó bá lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa dúró.

Mi ò tíì dárí jì yín o. Mi ò mọ ọjọ́ tí màá dárí jì yín.

Ẹ má dúró dìgbà náà kí ẹ tó wá.

Ọmọ yín.